Ẹ̀yìn Àwòrán Tí Mo Fá Mọ́

Àwọn ọba kan wà láyé àtijọ́, ní ìjọba tí wọ́n ń pè ní Bisáńsì, tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́ gbogbo àwòrán ẹni mímọ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rán ọmọ ogun jáde, wọ́n dáná sun pákó, wọ́n ha ojú Màríà kúrò lára ògiri. Àwọn ará erékùṣù tó wà lábẹ́ wọn kó tiwọn pamọ́ sínú kànga àti ihò àpáta títí inú ọba fi rọ̀. Obìnrin ará Gíríìsì kan ló sọ ìtàn yìí fún mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Koumassi, àdúgbò kan ní Abidjan, ó jókòó lórí àpótí, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Ohun tó ká mi lára ni pé àwọn ọba náà kò gbọ́ nípa mi. Kí ni wọ́n ń kó ọmọ ogun jọ sí? Èmi nìkan ti tó, pẹ̀lú ràbó kan, irin tí àwa gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń fá pákó, àti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Èjìgbò kí wọ́n tó fi mí ránṣẹ́ sí Abidjan. Ìyókù, ọjà ló kọ́ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti kọ́ṣẹ́ parí, mo ti gba ìyọ̀ǹda tèmi, mo kàn ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀gá mi ní òfin kan, ó le ju ti ìjọba lọ: ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun. Àwọn ará ibí a máa sọ pé iṣẹ́ àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ojú nìkan ló dára. Bí wọ́n bá fẹ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wa, wọ́n á kọ́kọ́ yí i padà wo ẹ̀yìn. Ìyẹn dun ọ̀gá wọnú egungun. Bí a bá kan kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò fẹ̀yìn ti ògiri títí ayé, a óò fá ẹ̀yìn yẹn, a óò fi sánpépà ha á, a óò kùn ún ní fánísì. Àwọn aáyán Abidjan ló ń jẹ ìgbádùn iṣẹ́ wa.

Tantí ni a ń pe obìnrin náà, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kékeré ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kó wọn wá láti erékùṣù wọn. Ní àdúgbò Treichville ní Abidjan níbí ló ti ta aṣọ, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló ti sin ọkọ. Nígbà tí wàhálà ìlú bẹ̀rẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń di ẹrù, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Gíríìsì ní kó máa bọ̀ nílé. Kí ó tó lọ, ó gbé àwòrán kan wá bá wa.

Àwòrán Màríà àti Ọmọ ni, lórí pákó tí kò ju àtẹ búrẹ́dì lọ. Wúrà tó yí wọn ká ti ṣú bí ògiri ilé ìdáná. Imú Màríà gùn, ojú rẹ̀ tóbi, kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sì dà bí àgbàlagbà kékeré tí wọ́n jí lójú oorun. Férémù ti ṣí kúrò lára rẹ̀, kòkòrò sì ti ń jẹ igi.

"Tún férémù ṣe, kí o pa kòkòrò rẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ojú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, tantí."

"Ojú ni mo wí. Ẹyin adìyẹ ni wọ́n fi po ọ̀dà rẹ̀. Má fi omi kàn án, má fi ọṣẹ kàn án. Bí eruku bá wà níbẹ̀, eruku mi ni, fi í sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá wo Màríà láti òkè dé ilẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí ò ní oúnjẹ ní ìlú wọn ni? Wo ọrùn rẹ̀."

Mo gbọ́ràn. Kò sí ẹni tó gbọ́ràn tó mi láyé. Mo tú férémù, mo tẹ́ aṣọ ìnura tó mọ́, mo dojú Màríà dé e jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ. Ojú kò ní ìbàjẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ni mo wá rí. Ó dúdú, ó kún fún ihò kòkòrò, àwọn ìlà pupa kan sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ti ń parẹ́. Ọ̀kan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Òmíràn dà bí ẹsẹ̀ àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mi ò ní sọ pé mi ò rí wọn. Mo rí wọn dáadáa, mo tiẹ̀ dúró díẹ̀. Mo ní ìpẹtà ìṣó ni. Mo fá a.

Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. "Àní kí wọ́n wá yí èyí wò," ó ní, ó sì pe aránṣọ tó wà nítòsí wa pé kó wá fọwọ́ kan iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, tantí dé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ yẹn ló sọ ìtàn àwọn ọba. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń hú ilẹ̀ wò ní erékùṣù wọn ló kọ lẹ́tà náà. Wọ́n ti hú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan jáde, wọ́n sì ń tún un ṣe. Wọ́n rí ìwé tí àlùfáà ìgbà náà kọ orúkọ ẹrù ibẹ̀ sí. Ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí, àti ti ẹni tó fi ta á lọ́rẹ. Bàbá tantí máa ń sọ pé ibẹ̀ ni tiwọn ti wá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́rìí, wọn yóò gbé Màríà padà sí àyè rẹ̀.

"Inú férémù ló wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́n," ó ní. "Mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Gbé e wá, ká jọ wò ó."

Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá rí ìṣó kan lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni rí wúrà.

"Kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn yẹn, tantí," ni mo sọ. "Ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Mo ní láti gbá a dànù."

Irọ́ tó dára ni. Kòkòrò kò lẹ́nu tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Tantí ká lẹ́tà náà. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ́ kó bàjẹ́. Ara ògiri mi ló wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò yí i wò lẹ́ẹ̀kan. Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá mi?" Ó gbé àwòrán, ó kí wa, ó dúpẹ́ iṣẹ́. Ó dúpẹ́.

"O ṣe dáadáa," ọ̀gá ní. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n kó wa lọ sí kọ̀mísáríà àwọn ọlọ́pàá?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ká máa fá ẹ̀yìn."

"Mo ní kí o fá pákó. Mo ní kí o fá ìwé?"

"Ṣé mo mọ̀ pé ìwé ni?"

"O ò mọ̀. Kí ló wá ń dùn ọ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo gbé e dání fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí tantí kọjá lọ́dọ̀ wa láti wá dágbére, ó ní ọ̀mọ̀wé náà ti fèsì: wọn yóò gba àwòrán náà, ṣùgbọ́n yàrá ẹrù ló ń lọ, láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ọmọ òun pé àìbìkítà òun ló fà á. Ó bi mí bóyá bàbá mi wà láàyè.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ wọ́rọ́-wọ́rọ́, takisí àjùmọ̀wọ̀ ibí, lọ sí ilé tantí ní Marcory. Páálí ẹrù kún pálọ̀ rẹ̀. Mi ò jókòó.

"Tantí, kòkòrò kọ́. Èmi ni mo fá a. Ìwé wà níbẹ̀, pupa, mo rí i."

Ó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjọ́ mélòó ni o ti ń wò mí tí mo ń bú ara mi?"

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá."

Ó lọ mú ìwé àti báírò wá. "Kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni?"

"Ohun tí o ṣe. Kí o wá ya ohun tí o rí."

Mo fi Faransé ọjà kọ ọ́, pé èmi gbẹ́nàgbẹ́nà ní Koumassi ni mo fá ẹ̀yìn Màríà yìí, kì í ṣe kòkòrò, kì í ṣe tantí. Mo ya ìwọ̀ ẹja, mo ya ẹsẹ̀ àga, mo ya mẹ́ta mìíràn tí kò dá mi lójú. Ó gbé gíláàsì wọ̀, ó wò ó, ó dá orí ìwé náà kodò. Mi ò mọ̀ pé orí Màríà ló kọjú sí mi lọ́jọ́ tí mo fá a, pé òdì ni mo rí gbogbo ìlà náà.

"Lẹ́tà ábídí wa nìyí," ó ní. "Èyí náà lẹ́tà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú 'Mímọ́' ní èdè wa ni. Òun ni orúkọ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì erékùṣù wa fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn lo rántí."

"Ẹ má bínú, tantí."

"Mo ń bínú." Ó tẹ ìwé náà sí iwájú mi. "O ní gọ́ọ̀mù? Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀."

"Faransé mi kò dára, tantí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un kọ."

"Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé yẹn ni kó máa ka ìwé tó ṣòro kà. Lẹ̀ ẹ́."

Mo lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ ó bá ọkọ̀ òfurufú lọ, ó gbé Màríà dání. Mi ò gbọ́ bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló wà báyìí tàbí yàrá ẹrù. Bó bá jẹ́ yàrá ẹrù ni, èmi ni mo fi í síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá yí i padà yóò sì kà á nínú ìwé tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi kọ.