Ṣọkọ Orí Omi

Kóró ṣọkọ tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ kò kún ìdérí ìgò nígbà tí mo tú u jáde. Inú agolo mílíìkì ló máa ń kó o sí. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní Ìjẹ̀bú, ní ọdún tí a kó wá sí Warri, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbìn ín tó ń tọ́jú kóró rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tó ti jáde láyé. Kóró ẹ̀fọ́ kì í dúró de ènìyàn títí. Bí n kò bá gbìn ín, inú agolo ni yóò kú sí.

Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́, omi sì máa ń bo àgbàlá wa ní Ubeji nígbà òjò. Mo wá rántí ohun tí olùkọ́ wa kan fi hàn wá ní yunifásítì láyé ọjọ́un: ewéko tó ń dàgbà lórí omi, láìsí iyẹ̀pẹ̀. A rò pé idán ló ń pa. Mo ní kí káfíńtà kan àpótí pákó tó ga dé ìbàdí mi. Mo tẹ́ tapólì sínú rẹ̀, mo pọn omi kún un, mo po ajílẹ̀ mọ́ ọn. Mo ra fóòmù funfun líle lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Pessu, mo lu ú ní ihò, mo sì gbé e léfòó sórí omi náà.

Mọ́kànlá péré ló hù nínú kóró náà. Mo ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè máa rọ̀ sínú omi.

Obìnrin tí a jọ pààlà yọjú lórí ògiri. “Papa, na catfish you dey rear?”

“Na vegetable.”

“Vegetable wey sabi swim? Chai! Warri no dey carry last!”

Ó rẹ́rìn-ín wọlé. Òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà. Bí iná bá lọ, gbòǹgbò a máa jẹrà, iná sì ń lọ ṣáá. Nígbà náà, màá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, màá máa fi ọwọ́ ro omi náà, màá sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí a jọ ń sọ Yorùbá nínú ilé ti lọ. Ẹ̀fọ́ kì í fèsì, ṣùgbọ́n kò fi Pídínì dá mi lóhùn rí.

N kò já ewé kan jẹ lára wọn. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn tanná, kí wọ́n so kóró, kí agolo náà tún lè ní nǹkan nínú. Nígbà tó yá, orí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ ra oògùn orúnkún. Bí mo ti dé ẹnu ọ̀nà, òórùn ẹ̀fọ́ àti irú pàdé mi. Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt ti dé láìsọ fún mi.

“Daddy, welcome! See as you lean. I don cook. Your vegetable don dey old for that water, e don dey flower sef.”

“Mélòó lo já nínú rẹ̀?”

“All na. Who you dey keep am for?”

Mo jókòó, mo jẹun. Ó se é bí ìyá rẹ̀ ti máa ń se é gẹ́lẹ́.

“Daddy, e sweet?”

“Ó dùn, ọmọ mi.” N kò purọ́.

Nígbà tó ń fọ abọ́, mo jáde lọ wo àpótí náà. Ọ̀rọ̀ kan ń dún létí mi. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo fa odindi ebè ẹ̀fọ́ tu láti ran ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó káwọ́ lérí. “Alákọ̀wé! Ẹ ti fa tìyá-tọmọ tu! Gígé là ń gé ṣọkọ, ká fi ojú sílẹ̀ fún un kó lè tún rúwé.” Ojoojúmọ́ fún odindi oṣù kan ló fi ń dá mi lápàárá.

Mo retí ihò mọ́kànlá tó ṣófo. Ìdí ẹ̀fọ́ mọ́kànlá ni mo bá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka, ojú ọ̀bẹ dagun lórí wọn, gbòǹgbò wọn sì funfun nínú omi.

Mo pè é. “Ta ló kọ́ ẹ láti gé e báyìí?”

Ó jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. “Teach me? Na so Mummy dey cut am na.”

Ó padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Iná lọ kó tó dé oríta. Mo fa àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro omi.

Ní ọjọ́ kẹrin, ewé kan tí kò tóbi ju èékánná lọ yọ lára ìkẹta wọn. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. “Daddy, I dey meeting. I go call you back.”

Mo fọwọ́ kan ewé náà. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ní òun yóò padà pè.