Ìlà Kan Lórí Orúkọ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn láti máa kọ́ wọn, ìgò típẹ́ẹ̀sì mọ́kànlá ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ike, mo sì dé e pa. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé táwọn bá wá ṣàṣìṣe ńkọ́. Mo ní kó fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ṣeé kà, kó kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ oògùn kan ní Ògìjo. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ayé àtijọ́ dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Onílà-kan. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìwé kún orí wọn, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò mọ iṣẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀gá mi àtijọ́ ní Ògìjo, Ọ̀gá Délé, ti gba méjì nínú wọn fún ìkọ́ṣẹ́. Kò pé oṣù kan tó fi dá wọn padà. Ó ní ṣe ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n ohun tí wọn ò tíì gbé sórí òṣùwọ̀n. Ó dùn mí wọra. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun á wá fojú ara òun rí iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Bí hóró oògùn tí wọ́n bá ṣe bá dáa, òun á mú mẹ́rin nínú wọn. Bí kò bá dáa, kí n má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun mọ́ láéláé. Mo sọ nínú ara mi pé ó di dandan kó dáa.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Hóró oògùn kì í ṣe idán. A ó po ẹbu oògùn mọ́ ẹ̀kọ sítáàṣì, a ó tẹ̀ ẹ́ kọjá lójú asẹ́ títí á fi dà bíi gàrí tútù, a ó sì gbé e sínú ófùnù kó gbẹ kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Rẹ́mọ wo ni kò mọ̀ pé gàrí tí kò yan dénú kì í pẹ́ bu? Oògùn náà nìyẹn. Bí omi bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á sì máa bó.

Lọ́jọ́ Fúráìdè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, iná lọ. Ìgbà tí wọ́n máa fi rí dísù rà fún jẹnẹrétọ̀, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Dámilọ́lá ló wà nídìí ófùnù. Ọmọ Ìlárá Rẹ́mọ ni, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju tàwọn yòókù lọ. Òun náà ni ọ̀rọ̀ Ògìjo yìí ká lára jù, nítorí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ti fẹ̀yìntì, àbúrò mẹ́ta ló sì ń wojú rẹ̀. Ilé wọn ń pa Sábáàtì mọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Wákàtí méjì ló yẹ kí ẹrù oògùn tí Ọ̀gá Délé máa wá wò lò nínú ófùnù. Èmi ń sáré lọ bá takisí Òde Rẹ́mọ tó máa ń tètè kún. Lórí ìwé iṣẹ́, àyè kan wà tí ẹni kejì á ti fọwọ́ sí i pé òun fojú òun rí i. Mo fọwọ́ sí i sílẹ̀, mo ní kó kọ àkókò sí i tó bá ṣetán, mo bá tèmi lọ. Èmi, Ìyá Onílà-kan!

Aago mẹ́sàn-án géérégé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni Ọ̀gá Délé dé. Àwọn hóró àkọ́kọ́ dán. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í há, àwọn tó ń jáde sì ń bó bí ògiri tí òjò nà. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ wá. Ó ka ibi tí wọ́n kọ ófùnù sí, ó ka orúkọ mi, ó wá wo Dámilọ́lá.

“Ṣé wákàtí méjì ni lóòótọ́?”

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́, ẹ̀rọ ni a ó dá lẹ́bi. Kí n má tàn yín, mo fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Dámilọ́lá mú bírò. Ó fa ìlà kan sórí “wákàtí méjì”, ó kọ “àádọ́ta ìṣẹ́jú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

“Oòrùn ti ń wọ̀, sà. Mi ò fẹ́ ba Sábáàtì jẹ́, mo wá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Látọjọ́ náà ni mi ò ti sinmi.”

Ọ̀gá Délé yíjú sí mi. “Ìyábọ̀, orúkọ rẹ nìyí. Ṣé o wà níbẹ̀?”

Mo gba bírò lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo fa ìlà kan lórí orúkọ ara mi, mo kọ “n kò sí níbẹ̀”, mo sì fọwọ́ sí i lójú àwọn tí mo gba típẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ wọn. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an.

Ọ̀gá Délé ní kí a da ẹrù náà nù, kí a ṣe òmíràn, òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá sọ fún Dámilọ́lá pé, “Ìwọ, múra sílẹ̀. Bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ, mo lè kọ́ ọ. Èyí tí o ṣe yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni.”

Ó padà wá, hóró náà dáa, ó sì mú mẹ́ta mọ́ Dámilọ́lá. Ọjọ́ Tọ́sìdeè la ń lo ófùnù báyìí, mi ò sì kúrò nídìí rẹ̀ títí á fi gbẹ, kí takisí máa lọ.

Mo fi gíláàsì bo ìwé ọjọ́ náà, mo gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń rò pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á rí orúkọ mi lábẹ́ ìlà náà. Ó ṣì ṣeé kà.