Orúkọ Ilé Ọkọ Nínú Ìwé Dókítà Nàfísátù

Ní Àgbowó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ni Fẹ́yìsetán ti ń to ìwé fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyá Ṣèyí ni wọ́n ń pè é. Ó ní ètò kan lórí kọ̀ǹpútà tó wà fún títo àwọn ìwé tí oníṣẹ́ ìwádìí bá tọ́ka sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò kọ orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sínú fáìlì. Ibi gbogbo tí iṣẹ́ náà bá ti jẹyọ, ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé orúkọ síbẹ̀. Bí ìlà kan bá ṣì nínú fáìlì yẹn, ó ti ṣì káàkiri ìwé nìyẹn.

Ní oṣù kẹta, Dókítà Nàfísátù, olùkọ́ yunifásítì, kó ìwé tó fẹ́ fi béèrè ìgbéga wá. Fẹ́yìsetán rí i pé nínú iṣẹ́ tí Nàfísátù fúnra rẹ̀ kọ, mẹ́rin wà lábẹ́ Sàlàkọ́, mẹ́fà lábẹ́ Abdulmojeed. Ẹnì kan náà ni. Ọmọ Sàlàkọ́ ni kó tó lọ sílé ọkọ. Orúkọ méjì fún obìnrin kan rí jákujàku lójú Fẹ́yìsetán. Ó sì rò pé kò bójú mu kí á máa fi orúkọ ilé bàbá pe ìyàwó ilé níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó yí ìlà mẹ́rin padà, gbogbo rẹ̀ di Abdulmojeed. Nàfísátù fọkàn tán an, ó buwọ́ lù ú láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù kẹfà, Nàfísátù gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

"Ìyá Ṣèyí, ta ló ní kí ẹ yí orúkọ mi?"

"Orúkọ wo, Dókítà?"

"Sàlàkọ́. Ìgbìmọ̀ ìgbéga wá iṣẹ́ mẹ́rin yẹn lọ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ jáde, wọn ò bá Abdulmojeed kankan níbẹ̀. Wọ́n ní mo sọ iṣẹ́ oníṣẹ́ di tèmi."

Fẹ́yìsetán rọra jókòó. "Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ṣebí ẹ ti relé ọkọ."

"Èmi ni mo relé ọkọ, mà. Àwọn ìwé mi ò bá mi lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn méjèèjì, kò jáde.

"Ìwé ìgbéyàwó mi wà tó fi hàn pé èmi náà ni Sàlàkọ́," ni Nàfísátù wí, "ṣùgbọ́n èmi ni mo buwọ́ lu ìwé ìgbéga yẹn pé ó tọ̀nà. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó yí i."

Fẹ́yìsetán lè ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ta ni yóò já a nírọ́? Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn ló ń darí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ó rí i pé kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Èmi Fẹ́yìsetán ni mo yí orúkọ yìí, láì gba àṣẹ. Ẹ̀rọ kò ṣì." Ó to ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sísàlẹ̀ bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ àti bí ó ti sọ wọ́n dà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó buwọ́ lù ú, ó sì fà á lé Nàfísátù lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìgbìmọ̀ fi wádìí. Nàfísátù pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀.

"Wọ́n ti gbà pé èmi ni mo kọ wọ́n. Àmọ́ ìjókòó ìgbéga ti kọjá. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ forí jì mí. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un tò. Mi ò ní gba nǹkan kan."

"Ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí mi, mà. Màá fọwọ́ ara mi tò ó."

Fẹ́yìsetán fi í ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.