Baba Onímáàpù àti Ilẹ̀ Tí Odò Ní

Bí ẹ bá ń wá ọ̀lẹ tí ìjọba ń sanwó oṣù fún, ẹ má wá a jìnnà, Baba Onímáàpù nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi jókòó ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò ilẹ̀, tó ń fi lẹ́ẹ̀dì kun máàpù: pupa fún ibi tí wọ́n lè kọ́lé sí, àwọ̀ ewé fún ibi tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún omi àti igi. Kò fẹsẹ̀ kan èyíkéyìí nínú ilẹ̀ náà rí. Bébà ló mọ̀.

Nígbà tó di pé odò ń ya wọlé àwọn èèyàn lọ́dọọdún, ìjọba yí òfin padà. Wọ́n ní kí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ láti etí odò di àwọ̀ ewé, kí àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀ kó kúrò láàárín ọdún kan. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kun ilẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n. Ni baba bá ra bàtà òjò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọn apá kan odò, ó kun ilé obìnrin aránṣọ kan ní àwọ̀ ewé nínú máàpù, ó sì wàásù fún obìnrin náà pé kó ṣe sùúrù, odò ló nilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì ó bọ́ sí apá kejì. Ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ nínú ẹrẹ̀, ó ń ka ìṣísẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń sá fún un. Ó kà á dé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ló bá forí sọ ògiri.

“Aláìnítìjú wo ló kọ́lé síbí?” ló ń kùn.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ̀yin ni, baba àwọn ọmọ mi.”

Àṣé ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ni, ibi tí kò yà sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọlé. Ojú tì í gidi.

Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ṣàánú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí ìlà ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ yẹn yà díẹ̀, kó yọ ilé yín sílẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

Baba mú lẹ́ẹ̀dì pupa. Ó wù ú jọjọ. Ilé kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, ibẹ̀ ló sì fẹ́ fẹ̀yìn tì sí. Àmọ́ ojú wo ni yóò fi wo aránṣọ? Ó gbé pupa sílẹ̀, ó kun ilé náà ní àwọ̀ ewé, ó sì lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

“Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń sọ fún yín pé omi ń wọ ilé ìdáná,” ni ìyàwó wí. “Ẹ ní kò sí omi kankan nínú máàpù. Ó dáa. Níbo wá la máa lọ báyìí?”

Ni baba tó ń sọ ibi tí gbogbo ìlú lè gbé bá tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi pupa tí òun náà lè gbé.