Ọjọ́ Tí Anti Tẹníìsì Tọrọ Àforíjì

Anti Tẹníìsì ni wọ́n ń pè é ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn. Nígbà tó débẹ̀, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni gbogbo akọ̀ròyìn eré ìdárayá ń du láti kọ. Olóòtú wo ọmọbìnrin tuntun náà, ó ní, "Ìwọ, máa kọ tẹníìsì." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ka àmì ayò láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ́ sí ọgbọ̀n. Ó lọ bá bàbá tó ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà pápá. Bàbá ní, "Ọmọ mi, má wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ eléré ni kó o máa wò, ẹsẹ̀ kì í parọ́." Ọdún méjì ló fi jókòó ti bàbá yìí láràárọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń ṣí ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn, níbi tí eré ìdárayá máa ń wà, nítorí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti ọmọ èèyàn. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin eléré kan tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Òsì fi ìdíje sílẹ̀ láàárín, ó ní orúnkún ń dun òun. Anti kọ ọ́ gàdàgbà pé irọ́ ni, ẹ̀rù ló bà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà fi ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún náà.

Anti gbé ìròyìn náà lọ bá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ní, "Ojú ìwé tó o fi bà á lórúkọ jẹ́ náà ni kó o fi tún un ṣe."

Anti kọ àforíjì, ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà gàgàrà tẹ̀ ẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Olóòtú ní ìyẹn á tàbùkù àwọn.

"Ọ̀gá, ẹ yáa yọ mí kúrò níṣẹ́ nígbà náà."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Anti gba ọsibítù lọ.

Ọwọ́ Òsì wò ó títí láti orí ibùsùn. "Ẹ jókòó, mà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju ọ̀pá ìtilẹ̀ yìí lù yín. Àmọ́ mi ò rí akọ̀ròyìn tó wá bá mi rí láti sọ pé òun ṣàṣìṣe."

"Ṣé o ṣì fẹ́ jù ú?"

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lè dìde ná."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ Òsì padà sórí pápá, ó gbá tẹníìsì fún ọdún mẹ́fà sí i. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Anti ló kọ ìtàn rẹ̀.

Anti náà ti pé ọgọ́ta ọdún báyìí. Ó ra ráákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ọwọ́ Òsì sì ń kọ́ ọ. Ẹni tó ti ń ṣàríwísí ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò lè gbá bọ́ọ̀lù márùn-ún kọjá àwọ̀n. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a ṣa bọ́ọ̀lù, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.