Ìgò Kẹfà Nídìí Àmù

Òórùn iyanrìn tútù nídìí àmù ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ìgbà tí mo ń wa ọkọ̀ fún obìnrin ará Faransé kan, tó wá ya àwòrán àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Ó gba yàrá kan lọ́dọ̀ wa ní Òmù-Àrán, ìyàwó mi sì ń se oúnjẹ fún un. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́yìn tí mo ti bí ọmọ méjì, mo sì rò pé ohun tí n kò tíì mọ̀ láyé kò pọ̀ mọ́. Ọ̀nà tí à ń gbà kò dára, ẹ̀yìn kì í yéé dùn mí. Bí mo bá délé, omi àti ẹní nìkan ni mò ń wá.

Àlejò wa kì í jẹun láìmu wáìnì díẹ̀ sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó pè wá sídìí tábìlì, ó bu fún wa. Wáìnì funfun ló pè é, ṣùgbọ́n kò funfun. Ó mọ́ gaara, ó pọ́n díẹ̀ bí òróró. Wáìnì tí èmi mọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, tó pupa tó sì dùn. Mo gbé èyí mì, ó ta mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rò pé ó ti kan bí ẹmu àná, pé ìrìn àjò ló bà á jẹ́, àánú obìnrin náà sì ṣe mí. Kí ojú má baà tì í, mo da ṣúgà ṣíbí méjì sí tèmi, mo rò ó, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyàwó mi bu ẹja Jẹ́bà tó dín sẹ́nu, ó mu wáìnì tẹ̀ lé e, ó wá gbójú sókè bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bàbá ọmọ mi, kò kan o. Ẹja ló ń wá."

"Ẹja kẹ̀?"

"Ẹ jẹ ẹja ná, kí ẹ tó mu ún. Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe sọ tiyín di omi ògì ọmọdé!"

Àlejò wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyàwó mi, ó pàtẹ́wọ́, ó gbé ife mi kúrò, ó sì bu òmíràn fún mi. Mo jẹ ẹja, mo mu ún. Kíkan tó ta mí lẹ́ẹ̀kan yẹn wá fọ òróró kúrò ní ahọ́n mi bí ọsàn wẹ́wẹ́, adùn ẹja sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò kúrò nídìí tábìlì mi tí mo fi rí tèmi.

Nígbà tó ń padà lọ, ó fi ìgò mẹ́fà sílẹ̀ fún wa, ó ní kí a tẹ́ wọn síbi tó tutù. Iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìyàwó mi rì wọ́n sínú iyanrìn ìdí àmù, ó ń wọ́n omi sí i láràárọ̀. Ọdún méjì ni a fi mu márùn-ún. Àwọn tó ń ta lẹ́nu, a fi jẹ ẹja. Èyí tí wọ́n kọ Alsace, orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, sí lára, tí mo fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ̀ bíi ní kíláàsì, ní adùn díẹ̀ nínú, ó sì bá wàrà díndín aláta mu. A gbìyànjú iyán àti ẹ̀gúsí. "Ìjà ni wọ́n ń jà," ni ìyàwó mi wí, ó sì dé ìgò náà padà. Àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn nìkan ni mo jókòó pẹ́ nídìí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹja tútù rà, ó ní kí a ṣí ìgò kẹfà. Mo ní rárá, kí a fi í pamọ́ de ìgbéyàwó àkọ́bí wa.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," ni mo wí.

"Ta ni yóò wá bá yín ru igbá nítorí ìgò kan?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹja rèé, èmi rèé, ẹ̀yin rèé. Kí la tún ń dúró dè?"

A fi omi jẹ ẹja náà. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò bá ìyàwó mi láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹsẹ̀ pọ̀ nídìí àmù. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má fọ́ ìgò náà. Mo hú u, mo fi gèlè rẹ̀ wé e, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ páànù gbígbóná. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀, èmi náà sì ń mu gààrí lórí ìdúró.

Àkọ́bí wa ṣègbéyàwó lọ́dún yìí. Nígbà tí àlejò tú ká, mo ra ẹja, mo dín in, apá kan jóná. Mo ṣí ìgò náà. Àwọ̀ rẹ̀ ti dà bíi tíì. Kí n tó fi kan ẹnu ni mo ti mọ̀ pé ó ti kan, lọ́tẹ̀ yìí ní tòótọ́. Kò sí ẹja tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló fún mi ní ahọ́n tí mo fi mọ̀ ọ́n.

Mo dà á nù, mo sì fi omi jẹ ẹja náà tán.

Iyanrìn ìdí àmù ti gbẹ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ. Ní báyìí, mo máa ń wọ́n omi sí i láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀.