Kòkó Ni Tèmi, Ilẹ̀ Kì í Ṣe Tèmi

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa ní Ring Road, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọ̀gá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa kò le, owó la ó máa fún àgbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kọ owó?

Iṣẹ́ náà rèé. Kòkó tó bá ti gbó, tí àrùn ti wọ̀, kì í so dáadáa mọ́. Ìjọba ní kí àgbẹ̀ gé e, kó sì gbin irú tuntun tí a ó fún un. Bí mo bá ti rin oko náà já, tí mo rí i pé ògbólógbòó igi ti wó, a ó san owó àtúngbìn fún un, kí ebi má baà pa á kí tuntun tó so. Ṣòkòtò kúkúrú ni mo máa ń wọ̀ lọ sóko. Bí mo bá ti yọ, àwọn ìyá abúlé á sáré bo ìkòkò omi wọn, wọ́n ṣebí wolé-wolé ni mí.

Bàbá Ràímì, àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ló dá mi lágara. Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lábúlé wọn, síbẹ̀ kò gé igi kan. Lónìí àdá kò mú, lọ́la orúnkún ń dùn ún. Ọ̀gá mi ní kí n yọ orúkọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí ewé lásán ló kù lórí kòkó rẹ̀, kò sì níṣẹ́ mìíràn. Mo bi í léèrè ohun tó ń dá a dúró. Ó gbọ́wọ́ lé igi kan.

“Akọ̀wé, kòkó ni tèmi, ilẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bí mo bá gé kòkó, kí ló kù tí mo ní níbí?”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Àlejò ni Bàbá lórí ilẹ̀ náà. Lọ́dọọdún ló máa ń gbé iṣu àti epo lọ fún onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn, ohun tí àlejò fi ń jẹ́wọ́ pé òun kò gbàgbé ẹni tó nilẹ̀; bí onílẹ̀ bá sì ti gbà á, ó gbà pé kí àlejò máa dáko lọ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, onílẹ̀ ló nilẹ̀, ẹni tó gbin igi ló nigi, kò sì sẹ́ni tó lè lé e níwọ̀n ìgbà tí igi rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ti kú. Délé ọmọ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀, kò wá gba ìṣákọ́lẹ̀ rí. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ kọ́lé sì ti ń wá a kiri.

Èmi àti Bàbá lọ bá a. Délé tẹ́tí sí wa, ó ní kí Bàbá máa gé e, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ìgbìn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá gé kòkó rẹ̀ tán. Nígbà tí gbogbo oko ṣófo, ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ ìgbìn, Délé dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ kòkó kan, ó ní òun fẹ́ bá Bàbá gbin àkọ́kọ́. Ọmọ ìgboro ni, oore ló pè é. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ dákun, ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ló ni ín.”

Délé wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó rọra gbé ọmọ kòkó náà lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá gbìn ín. Délé wá gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó yíjú sí ọ̀nà abà.

“Bàbá, ìṣákọ́lẹ̀ mi ńkọ́? Látìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò rí iṣu yín jẹ.”

Bàbá Ràímì jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kó kó iṣu tó tóbi jù wá. Mo san owó ìjọba fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti gbà tó bí inú Bàbá ṣe dùn lọ́jọ́ náà láti san.